Aràn Pupa Kì Í Ṣe Ẹlẹ́rìí Ìbẹ̀rẹ̀ Ìyè

Bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ibi tí ìyè ti ṣẹ̀, àwòrán aràn pupa ìsàlẹ̀ òkun ni wọ́n sábà máa ń gbé síwájú wa. Lọ́dún 1977, ọkọ̀ abẹ́ omi Alvin sọ̀kalẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 2,500 nínú òkun Pàsífíìkì, nítòsí erékùṣù Galápagos. Ó bá omi gbígbóná tó ń tú jáde láti inú àpáta, ó sì bá ẹ̀dá alààyè rẹpẹtẹ níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé. Wọ́n á wá ní àwọn ẹ̀dá náà kò ní oòrùn í ṣe, pé bí ìyè àkọ́kọ́ ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí n kò ti lè bá wọn lọ nìyí.

Ẹ wo aràn náà dáadáa. Riftia lorúkọ rẹ̀. Ó lè gùn tó mítà méjì, kò lẹ́nu, kò nífun. Bakitéríà tó ń gbé inú rẹ̀ ló ń bọ́ ọ, bí Colleen Cavanaugh ṣe là á yé wa lọ́dún 1981. Afẹ́fẹ́ imí ọjọ́, tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ni bakitéríà náà fi ń wá agbára, ṣùgbọ́n kò lè rí i lò láìsí ọ́síjìn. Ẹ̀jẹ̀ aràn náà ló ń gbé méjèèjì lọ bá a. Níbo wá ni ọ́síjìn ti débẹ̀? Omi tútù tó ti wà lójú òkun rí ló gbé e rì wálẹ̀. Ewéko àti ẹ̀dá kéékèèké tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ ló sì pèsè rẹ̀. Ọ́síjìn kò tó nǹkan nínú afẹ́fẹ́ ayé títí di nǹkan bíi bílíọ̀nù 2.4 ọdún sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni àmì ìyè ti wà nínú àpáta tó ti tó bílíọ̀nù 3.4 ọdún. Báwo ni ẹni tó dé lẹ́yìn ṣe máa jẹ́rìí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kó tó dé?

Ihò tó ń rú èéfín dúdú, tí wọ́n rí lọ́dún 1979, ṣòro láti gbà pẹ̀lú. Omi rẹ̀ ń gbóná tó 350°C. Stanley Miller àti Jeffrey Bada ti sọ ọ́ lọ́dún 1988 pé irú ooru bẹ́ẹ̀ á ba èròjà ìyè jẹ́ ni. Lóòótọ́, kòkòrò àìfojúrí kan wà tó ń pọ̀ sí i ní 122°C, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ mọ bí a ti ń tún ohun tí ooru bà jẹ́ ṣe. Èròjà tí kò tíì di ẹ̀dá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo gbà pé ó yẹ ká wò ni Lost City, tí wọ́n rí nínú òkun Àtìláńtíìkì lọ́dún 2000. Òpó funfun ibẹ̀ ga tó mítà 60, omi rẹ̀ kò sì kọjá nǹkan bíi 90°C. Omi òkun àti àpáta ló pàdé tí wọ́n ń mú háídírójìn jáde. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan sì wà láyé tó ń so háídírójìn mọ́ kábọ́n-dáyọ́ksáìdì, tí wọ́n ń fi ṣẹ̀mí láìsí ọ́síjìn, láìsí ìmọ́lẹ̀. Michael Russell ti ń sọ̀rọ̀ irú ihò bẹ́ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí Lost City.

Àbá ṣì ni o. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń tọ́ka sí adágún orí ilẹ̀ tó ń gbẹ tó sì ń kún, níbi tí èròjà ti lè so pọ̀ láìjẹ́ pé agbami fọ́n wọn ká. Àtakò tó lágbára ni, àwa tí a gbè sẹ́yìn òkun kò sì tíì fèsì rẹ̀ tán.