Grange School, Ìkẹjà

Ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ni Grange School, ní Harold Sodipo Crescent, GRA Ìkẹjà. Ọdún 1958 ni àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń gbé Èkó dá a sílẹ̀, kí àwọn ọmọ wọn lè ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kà á nílùú ọba láì kúrò lọ́dọ̀ òbí. Ọmọ á lọ láàárọ̀, á sì padà sílé. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ni Ìkẹjà wà nígbà náà, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba náà, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1955 sì ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Kò pẹ́ tí Guinness àti Dunlop fi kọ́ ilé iṣẹ́ ńlá sí ìlú náà.

Lọ́dún 1980, ìjọba gómìnà Lateef Jákàńdè kéde pé òun fẹ́ fòpin sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni, irú Grange, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, tí Ìkẹjà ti di ara rẹ̀ nígbà náà. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Kátólíìkì ní Èkó, Anthony Okogie, pe ìjọba lẹ́jọ́. Lọ́dún 1981, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dájọ́ pé abala 36 òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1979, tó fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti dá ohun tí ń tan ìmọ̀ àti èrò kálẹ̀ sílẹ̀, kan ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ìdájọ́ yìí ṣe ilé ẹ̀kọ́ aládàáni láǹfààní púpọ̀.

Grange ti ní ẹ̀ka girama báyìí, níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣe ìdánwò IGCSE ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Nàìjíríà ni wọ́n ń kọ́ pọ̀ níbẹ̀. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n owó ilé ìwé rẹ̀ kọjá agbára òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége.