Orírun Bítúmẹ̀nì Agbabu: Ohun Tí Kẹ́mísírì Inú Epo Rọ̀bì Lè Fi Hàn Wá

Ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, orí àpáta líle ni ìlú Ìta-Ògbólú, Àkúrẹ́ àti Oǹdó tẹ̀dó sí, irú àpáta tí kì í bí epo rọ̀bì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọrí sí gúúsù, tí a dé Agbabu ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdígbó, a ó bá kànga tí Nigerian Bitumen Corporation gbẹ́ ní 1910. Bítúmẹ̀nì dúdú ṣì ń sun lẹ́nu rẹ̀, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oòrùn bá mú ganrínganrín.

Yanrìn tó gba bítúmẹ̀nì yìí sára kọ́ ló bí i. Inú àpáta amọ̀ tó kún fún òkú ewéko àti ẹ̀dá omi ni epo ti ń ṣẹ̀ wá. Ooru abẹ́ ilẹ̀ ló ń sè é, tí yóò sì wá rìn gba àlàfo inú àpáta títí yóò fi ríbi dúró sí. Àpáta amọ̀ wo ló wá bí ti Agbabu? Ṣé amọ̀ dúdú Araromi tó wà nítòsí ni, àbí ti ìhà Niger Delta? Àwòrán ilẹ̀ nìkan kò lè dá wa lóhùn.

Ní àwọn ọdún 1930, Alfred Treibs, ọmọ ilẹ̀ Jámánì, rí èròjà kan nínú epo rọ̀bì tó bá èyí tó ń fún ewé ní àwọ̀ rẹ̀ tan. Láti ìgbà náà la ti mọ̀ pé epo a máa gbé ilà ìdílé rẹ̀ lójú kiri.

Ìṣòro Agbabu ni pé bakitéríà ti pa púpọ̀ nínú ilà náà rẹ́. Èyí tó fúyẹ́ nínú epo ni wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ. Ìdí nìyẹn tí èyí tó kù fi ki bẹ́ẹ̀. Pristane àti phytane, èròjà méjì tí a fi ń mọ̀ bóyá ọ́síjìn wà nísàlẹ̀ omi tí amọ̀ ti kójọ, kì í pẹ́ tẹ̀lé e. Àwọn èròjà bíi hopane àti oleanane a máa pẹ́ nílẹ̀ ju ìyẹn lọ.

Oleanane ló jẹ mí lógún jù. Ní 1979, Ekweozor, Okogun, Ekong àti Maxwell tẹ ìwádìí jáde lórí ẹbí èròjà yìí nínú epo Niger Delta. Ní 1988, Ekweozor àti Udo tọpa ibi tí oleanane dé àti ibi tó pin sí ní gúúsù Nàìjíríà. Ara ewéko tó ń tanná ló ti wá, ìyẹn ewéko tí kò tíì gbilẹ̀ láyé ṣáájú nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Bó bá pọ̀ nínú epo, amọ̀ tó bí i kò lè dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n bí a ò bá rí i, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra: ó lè jẹ́ pé odò kò gbé ewé dé ibi tí amọ̀ náà ti kójọ ni.

Vanadium àti nickel, irin méjì inú epo, wúlò pẹ̀lú, nítorí bakitéríà kì í tètè da ìwọ̀n ọ̀kan sí èkejì rú. 

Bítúmẹ̀nì tí a bù lẹ́nu kànga nìkan kò tó, òjò àti oòrùn ti bà á jẹ́. Ó yẹ kí Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ìjọba Àpapọ̀ (FUTA) ní Àkúrẹ́ àti àwọn yunifásítì mìíràn tó yí wa ká gbẹ́ amọ̀ Araromi láti ìsàlẹ̀ tí afẹ́fẹ́ kò dé, kí wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bítúmẹ̀nì inú yanrìn, hopane sí hopane, nínú ẹ̀rọ kan náà.