Kí lorúkọ káàdì yìí? Ìtàn kan fún àwa tá à ń ra kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀

Ìtàn tá a mú wá lónìí kì í ṣe ìtàn ọba tàbí ìtàn ogun. Ìtàn kọ̀ǹpútà ni, ó sì kan àpò gbogbo wa.

Ká ní ẹnì kan ní Lagbé ra lápútọ́ọ̀pù tòkunbọ̀. Ó lè jẹ́ pé láti Èkó ló ti gba Ìdìròkò àti Ìgòlò wọlé, ó sì lè jẹ́ pé èbúté Kútọnu ló ti sọ̀ kalẹ̀. Ó tan án lójú ẹni tó tà á, iná tàn, ó sanwó. Ó délé, ó fi Windows tuntun sí i, ni kò bá rí Wi-Fi mọ́. Ohùn kò jáde. Ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, wọ́n ní káàdì ti bàjẹ́, kó lọ ra òmíràn. Owó tún jáde.

Lọ́pọ̀ ìgbà, káàdì kò bàjẹ́ rárá. Ohun tó ń wá ni ẹni tí yóò wà á. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní dráífà, àwa tá a lọ sílé ìwé Faransé ń pè é ní pilote. Ìtumọ̀ méjèèjì kò jìnnà síra: awakọ̀ ni. Káàdì tí kò ní dráífà dà bíi mọ́tò tó dára tó wà nílẹ̀, tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n wà.

Àmọ́ kí èèyàn tó lè wá awakọ̀ tó yẹ, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ irú mọ́tò tó wà níwájú rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara lápútọ́ọ̀pù kò tó. Àwa ará ẹnubodè mọ̀ pé ohun kan lè ní orúkọ méjì: Ìfọ̀nyìn là ń pè é, Ifangni ló wà nínú ìwé ìjọba, Àjàṣẹ́ là ń pè é, Porto-Novo ló wà nínú máàpù. Ti lápútọ́ọ̀pù tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjì lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí káàdì Wi-Fi inú wọn má sì jẹ́ ọ̀kan náà, torí ilé iṣẹ́ tó tò wọ́n lè ra káàdì lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohun tí kì í yí padà ni nọ́ńbà tí ẹni tó ṣe káàdì kọ sínú rẹ̀. Báwo ni nọ́ńbà yẹn ṣe débẹ̀? Ibẹ̀ gan-an ni ìtàn wa wà.

NÍGBÀ TÍ KÁÀDÌ KÒ LÈ SỌ̀RỌ̀

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 1981, ilé iṣẹ́ IBM ní Amẹ́ríkà gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ tí wọ́n pè ní PC jáde. Èèyàn lè ki káàdì sínú rẹ̀ láti fi kún iṣẹ́ tó lè ṣe. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé káàdì kò lè sọ ẹni tó jẹ́. Ọ̀nà mẹ́jọ péré ló wà tí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ náà, títí kan àwọn káàdì, lè fi ké sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà nígbà yẹn; nígbà tí IBM ṣe ti 1984, ó di mẹ́rìndínlógún. Ẹni tó ń to káàdì ló máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti irin kékeré sí ojú ihò, láti yan ọ̀nà tí káàdì náà máa gbà. Bí káàdì méjì bá gba ọ̀nà kan náà, ìjà dé nìyẹn, kọ̀ǹpútà lè dá dúró gbọnrangandan. Bí ìwé tó bá káàdì wá bá sì sọnù, ó di àbá dídá.

Ní 1987, IBM fúnra rẹ̀ wá ojútùú. Nínú kọ̀ǹpútà PS/2 rẹ̀, káàdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó sì ní dísìkì tó sọ ohun tí nọ́ńbà náà túmọ̀ sí. Ọgbọ́n tó dára ni. Ṣùgbọ́n IBM ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ yòókù tó bá fẹ́ lò ó, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tẹ̀ lé e.

Ọdún 1992 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Intel gbé ọ̀nà tuntun kan jáde tí wọ́n pè ní PCI. Nínú PCI, ohun kọ̀ọ̀kan tó bá so mọ́ kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé nọ́ńbà méjì sára: èkíní ń sọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, èkejì ń sọ ohun tó jẹ́ gan-an. Àmì mẹ́rin ni nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan, láti 0 dé 9 àti láti a dé f, èyí tó lè fún wa ní nọ́ńbà 65,536. Ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní PCI-SIG ló ń pín nọ́ńbà ilé iṣẹ́, kí ẹnì kan má baà jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Intel mú 8086 fún ara rẹ̀, ìyẹn orúkọ ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tó ṣe ní 1978. Ti NVIDIA ni 10de, ti Realtek ni 10ec, ti Broadcom ni 14e4. Nígbà tí USB dé ní 1996, irú nọ́ńbà méjì bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fún òun náà.

Windows 95 jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 1995. Ìlérí rẹ̀ ni pé kí èèyàn ṣáà ki nǹkan bọ̀ ọ́, yóò dá a mọ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni íntánẹ́ẹ̀tì wọ ilẹ̀ Benin, nígbà tí wọ́n ń múra sílẹ̀ de ìpàdé àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé ní Kútọnu ní oṣù kejìlá. Àmọ́ ìlérí Windows kò fi gbogbo ìgbà ṣẹ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 1998, ní Chicago, Bill Gates dúró lórí pèpéle níbi tí wọ́n ti ń fi Windows 98 han àwọn èèyàn. Wọ́n ki skánà kan bọ kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ sì di búlúù lójú gbogbo ayé. Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé kéèyàn mọ orúkọ àlejò yàtọ̀ sí kó mọ bó ṣe máa gbà á lálejò.

ÀWỌN TÓ KỌ ÀKỌSÍLẸ̀

Nọ́ńbà kò wúlò bí kò bá sí ẹni tó mọ ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Láti 1997 ni Martin Mareš, ọmọ ilẹ̀ Czech, ti ń kọ àwọn prógírámù kékeré kan fún Linux. Ọ̀kan nínú wọn ni lspci. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó béèrè lọ́wọ́ ohun gbogbo tó wà lórí PCI pé, "Ta ni ọ́?" kó sì wo ìdáhùn náà nínú fáìlì kan tó ń jẹ́ pci.ids. Fáìlì yẹn kì í ṣe ti ilé iṣẹ́ kankan. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn káàkiri ayé ló kó o jọ: ẹni tó bá rí káàdì tí kò sí nínú rẹ̀ lè fi nọ́ńbà àti orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́. Inú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló wà, nítorí náà ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì ní Lagbé lè lò ó láìná kọ́bọ̀ dátà. Lsusb ló ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn fún USB.

Iṣẹ́ kejì ló le jù, ìyẹn dráífà fúnra rẹ̀. Ní nǹkan bí 1980, Richard Stallman, tó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, fẹ́ tún prógírámù tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Xerox kan ṣe, torí ìwé máa ń há sínú rẹ̀. Wọn kò fún un ní ojúlówó ìwé prógírámù náà. Ó bí i nínú. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 1983, ó kéde iṣẹ́ GNU, pé kí prógírámù di ohun tí ẹni tó ń lò ó lè ṣí wò, kó sì tún un ṣe.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ kan Wi-Fi. Broadcom kò sọ bí káàdì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń kọ Linux. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn bá pín sí ọ̀nà méjì: àwọn kan tú dráífà tó wà nílẹ̀ wò, wọ́n sì ṣàlàyé ohun tí káàdì ń ṣe sínú ìwé, àwọn mìíràn tí kò fojú kan dráífà yẹn rí ka ìwé náà, wọ́n sì kọ tuntun. Báyìí ni ẹnikẹ́ni kò ṣe lè sọ pé wọ́n jalè. Iṣẹ́ wọn wọ inú Linux 2.6.17 ní oṣù kẹfà ọdún 2006. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2010, Broadcom fúnra rẹ̀ gbé dráífà tó ṣí sílẹ̀ jáde fún àwọn káàdì rẹ̀ tuntun kan.

BÍ A ṢE Ń BÉÈRÈ

Ẹ wá Linux tó wà lórí fláàṣì, irú èyí tó lè ṣiṣẹ́ láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ẹ fi tan ẹ̀rọ náà, ẹ ṣí tẹ́mínà, ẹ tẹ èyí:

lspci -nnk

Ẹ lè rí ìlà tó jọ èyí:

Network controller [0280]: Broadcom BCM4312 802.11b/g LP-PHY [14e4:4315]
Kernel driver in use: b43-pci-bridge

14e4 ni ilé baba rẹ̀, 4315 ni orúkọ tirẹ̀. Ìlà kejì ń sọ awakọ̀ tó wà lórí ìjókòó. Bí ìlà kejì yẹn kò bá sí, káàdì wà, awakọ̀ ni kò sí. Bí ó bá wà tí Wi-Fi kò sì ṣiṣẹ́, ó lè jẹ́ fáìlì kékeré kan tí wọ́n ń pè ní firmware ló kù. B43 kò lè ṣe iṣẹ́ láìsí i. Ẹ tẹ sudo dmesg, yóò sọ ohun tó ń wá. Bí káàdì kò bá sì fara hàn rárá, ìgbà yẹn la tó lè fura pé ó ti tú níbi tó so mọ́, tàbí wọ́n pa á nínú BIOS, tàbí ó ti kú.

Ní Windows 11, tàbí Windows 10 tó ti gba àtúnṣe ìgbẹ̀yìn, ẹ ṣí Command Prompt, ẹ tẹ:

pnputil /enum-devices /problem

Ohun tí VEN bá ṣáájú rẹ̀ ni nọ́ńbà ilé iṣẹ́, ohun tí DEV bá ṣáájú rẹ̀ ni nọ́ńbà ohun náà. Bí ẹ bá rí 28, ó ń sọ pé wọn kò tíì fi dráífà sí i. Ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì sórí ìwé, òun ni kẹ́ ẹ fi wá dráífà, ẹ má fi orúkọ tó wà lẹ́yìn lápútọ́ọ̀pù nìkan wá a.

Ẹ kíyè sí bọ́tìnnì o. Ti Kútọnu sábà máa ń jẹ́ AZERTY, ti Èkó sì jẹ́ QWERTY. Bí Linux orí fláàṣì bá rò pé QWERTY lẹ ní, a àti q yóò pààrọ̀ ipò. Àmọ́ gbogbo lẹ́tà inú lspci àti lsusb kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Ìlà kékeré tó ṣáájú nnk ni kẹ́ ẹ wá lójú bọ́tìnnì tí wọ́n ya ) sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ 0. M ní tirẹ̀ ti lọ sójú àmì ìdánudúró kékeré, ìyẹn kọ́mà.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KAN WÁ

Ní 2005, ẹgbẹ́ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde nípa Èkó. Wọ́n ní nǹkan bíi konténà 500 tó kún fún ẹ̀rọ àlòkù ló ń wọ èbúté Èkó lóṣooṣù, àti pé ọ̀pọ̀ nínú ohun tó wà nínú wọn kò ṣeé tún ṣe, kò sì ṣeé tà. Ní 2011, ìròyìn kan tó jáde lábẹ́ Àdéhùn Basel lórí ìdọ̀tí ẹ̀rọ ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ka Benin àti Nàìjíríà mọ́ orílẹ̀-èdè tí wọ́n yẹ̀ wò. Ohun tó bá dé ọ̀dọ̀ wa, ọ̀dọ̀ wa náà ló máa ń kú sí. Ẹ̀rọ tá a bá jù nù, ilẹ̀ wa ló ń gbé òjé rẹ̀ mì.

A ò sì lè máa rò pé òmíràn á tètè dé. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè pa ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó di oṣù kẹrin ọdún 2022 kí wọ́n tó fọwọ́ sí i pé kí ti Ìdìròkò ṣí. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, èyí tó wà lọ́wọ́ ẹni lẹni ní.

Nítorí náà, ẹ má ra káàdì tuntun kẹ́ ẹ tó béèrè orúkọ ti àtijọ́. Ẹni tó bá dáhùn nígbà tá a pè é kò tíì kú. Bí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ kò mọ ẹni tó ni ín, ẹ kọ ọ́ síbí, ẹni tó bá mọ̀ á dáhùn. Ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà kọ àkọsílẹ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹ bá wa pín in o.