Yubari: ìlú tí gbèsè wọ̀ lọ́rùn

Ẹ gbọ́ ná. Ẹ rò pé èèyàn nìkan ni gbèsè máa ń dójú tì, àbí? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Yubari fún yín, ìlú kékeré kan ní Hokkaido, lápá àríwá Japan.

Èédú inú ilẹ̀ ló sọ ibẹ̀ dìlú. Ọdún 1888 ni wọ́n rí i, làwọn awakùsà bá ń rọ́ wá. Nígbà tó fi máa di 1960, èèyàn tó lé ní 116,000 ló ń gbébẹ̀.

Àmọ́ epo rọ̀bì ti ń gbapò èédú. Ihò ìwakùsà ń tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní October 1981, gáàsì bú gbàmù nínú ọ̀kan, èèyàn 93 kú. Èyí tó dùn mí jù: kí iná lè kú, wọ́n da omi sínú ihò náà nígbà tí wọn ò tíì rí èèyàn 59. Ní 1990, ihò tó kẹ́yìn tì.

Ìjọba ìlú ní àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ló kù táá máa bọ́ àwọn. Wọ́n kọ́ ọgbà ìgbafẹ́, wọ́n ra ilé ìtura. Ẹ̀yáwó ni wọ́n fi ṣe é. Àlejò ò wá tó. Wọ́n wá ń yá tibí san tọ̀hún, wọ́n ń fi ìwé ìṣírò owó bò ó mọ́lẹ̀. Ní 2006, àṣírí tú: gbèsè lé ní 35 bílíọ̀nù yen!

Ìyà wá dé. Owó orí gòkè. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fà di ẹyọ kan. Ilé ìwòsàn oníbẹ́ẹ̀dì 171 di oníbẹ́ẹ̀dì 19. Àwọn ọ̀dọ́ kẹ́rù wọn, wọ́n lọ.

Ní 2011, Suzuki Naomichi di olórí ìlú náà lẹ́ni ọdún 30. Òun fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n ti ọ̀nà reluwé Yubari, kí bọ́ọ̀sì rọ́pò ẹ̀. Ní 2019, ó di gómìnà Hokkaido.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n ta mẹ́lọ́ọ̀nù Yubari méjì péré ní mílíọ̀nù 5 yen. Èso náà ṣì lókìkí, ṣùgbọ́n nígbà ìkànìyàn 2020, èèyàn 7,300 àti díẹ̀ ló kù nílùú.

Ohun tí mo rí kọ́ rèé: àwọn tó buwọ́ lùwé ẹ̀yáwó kọ́ ló san án jù. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti ilé ìwé wọn ni, àtàwọn àgbà tí ò níbi tí wọ́n máa kó lọ. Tí olórí ìlú yín bá tún ní òun fẹ́ yáwó ṣe nǹkan ńlá, ẹ bi í: ta ló máa san án?