Tòlótòló Tí Kò Lè Gun Abo Mọ́

Ìtàn tòlótòló ni a mú wá lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún gbogbo ẹni tí ń sin nǹkan.

Ní ilẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n ti sọ ẹyẹ yìí di ohun ọ̀sìn, ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Lẹ́yìn ọdún 1500 ni àwọn ará Sípéènì kó o dé Yúróòpù. Nígbà tí àwọn òyìnbó ń ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, wọ́n tún kó o dání. Níbẹ̀ ni akọ inú igbó ti gun abo inú ilé, tí irú Bronze, tí ìyẹ́ rẹ̀ ń dán bí idẹ, àti Narragansett fi jáde. Inú pápá ni wọ́n ti ń jẹ tata àti koríko.

Nígbà tí ó yá, ẹran àyà ni àwọn oníbàárà ń béèrè. Èyí tí àyà rẹ̀ tóbi jù nìkan ni àwọn olùsìn wá ń dá sí fún bíbí. Nígbà tí yóò fi di àárín 1960 sí 1970, tòlótòló funfun aláyà ńlá ti gba ọjà. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin ni ó fi ń tó pa. Ti àtijọ́ ń gbà tó oṣù mẹ́fà sí méje. Ṣùgbọ́n àyà náà tóbi débi pé akọ kò lè gun abo mọ́. Ènìyàn ni ó ń fi ọwọ́ gba àtọ̀ akọ, tí ó ń fi sí abo lára. Àgbẹ̀ tí kò bá mọ iṣẹ́ yìí, ọmọ tòlótòló ni yóò máa rà lọ́dọọdún.

Ní 1997, wọ́n ka irú àtijọ́ tí ó kù fún bíbí ní Amẹ́ríkà: 1,335 péré! Kí ni ó gbà wọ́n là? Jíjẹ ni. Àwọn kan gbà láti san owó jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí adùn ẹran wọn, àwọn olùsìn sì rí ìdí láti sìn wọ́n. Ní 2006, wọ́n ti pọ̀ sí i gan-an.

Ẹ̀yin ará, àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Tòlótòló tí ń rìn káàkiri àgbàlá yín ṣì ń gun abo fúnra rẹ̀, abo rẹ̀ sì ń sàba fún ọjọ́ 28 láìsí ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ra aláyà ńlá, ẹ sìn ín fún títà, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí rẹ̀ pa ti ilé run. Bí Kérésìmesì bá sì dé, ẹ má ta akọ tí ó dára jù. Ẹ dá a sí, òun ni baba àwọn ti ọdún tí ń bọ̀.