Ìtàn Bí A Ṣe Ń Wá Ìwọ̀n Oògùn Tí Kò Ní Pa Ènìyàn Lára: Láti Ọdún 1927 Títí Di Òní

1.0 Ìfáàrà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àṣejù, baba àṣetẹ́. Bí ọ̀rọ̀ oògùn ṣe rí gan-an nìyẹn. Oògùn tí ó ń wo aláìsàn sàn lè di májèlé bí ó bá pọ̀ jù. Bí ó bá sì kéré jù, kò ní ṣe é ní àǹfààní kankan. Paracelsus, oníṣègùn ará Switzerland, ti sọ èyí ní ọdún 1538. Ìbéèrè tí ó wá ṣòro ni pé: bí oògùn bá jẹ́ tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò lò ó rí, báwo ni a ó ṣe mọ ìwọ̀n tí a ó kọ́kọ́ fún ènìyàn?

Iṣẹ́ yìí yóò tọpasẹ̀ ọ̀nà ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ti fi wá ìdáhùn. Èrò wa ni pé nǹkan mẹ́ta ni ó ń dáàbò bo ẹni tí a ń dán oògùn wò lára rẹ̀: ìwọ̀n tí a fi bẹ̀rẹ̀, sùúrù láàárín ẹnì kan sí èkejì, àti rírántí ohun tí ara àwọn ẹni ìṣáájú ti kọ́ wa.

2.0 Láti Ara Ẹranko dé Ara Ènìyàn

Ní ọdún 1927, J. W. Trevan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá a lábàá pé kí a máa fi ìwọ̀n tí ó ń pa ìdajì àwọn ẹranko tí a lò díwọ̀n agbára oògùn. Ní ọdún 1948, Dixon àti Mood gbé ọ̀nà àlọ-àbọ̀ jáde, èyí tí ó ti ara ìdánwò ohun abúgbàù wá: bí èyí tí a dán wò bá bú, a ó dín agbára kù fún èyí tí ó kàn, bí kò bá bú, a ó fi kún un. Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe ẹranko. Ìlànà Nuremberg ti ọdún 1947 ti fi dandan lé e pé ẹni tí a fẹ́ dán nǹkan wò lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ fínnú-fíndọ̀ gbà. Fún ìdí èyí, nínú ìwádìí oògùn àrùn jẹjẹrẹ, ó di àṣà láti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tí ó ń pa eku mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún bẹ̀rẹ̀.

3.0 Ọgbọ́n Mẹ́ta-Mẹ́ta

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Nínú ọgbọ́n mẹ́ta-mẹ́ta, aláìsàn mẹ́ta ni a ó kọ́kọ́ fún ní ìwọ̀n tí ó kéré jù. Bí kò bá ṣe ìkankan wọn léṣe gidi, a ó fún mẹ́ta mìíràn ní èyí tí ó ga jù ú lọ. Bí ó bá ṣe ẹnì kan léṣe, a ó fi mẹ́ta kún wọn ní ìwọ̀n kan náà. Bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo nínú mẹ́fà ni ó fara pa, a lè gòkè. Bí ó bá ti di ènìyàn méjì, a ó dúró, a ó sì mú ìwọ̀n tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Àfikún a máa dín kù bí a ṣe ń gòkè: ìdá 100 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn náà 67, 50, 40 àti 33. Orúkọ Fibonacci, onímọ̀ ìṣirò ará Ítálì, ni wọ́n fi ń pe ètò àfikún yìí.

Ọ̀nà yìí rọrùn, ṣùgbọ́n ó ní àléébù. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ tí olùkọ́ lè lò ní kíláàsì. Ká ní ìwọ̀n kan ń ṣe ìdajì àwọn tí ó lò ó léṣe. Ìṣeéṣe pé ènìyàn mẹ́ta yóò lò ó láìfarapa ni ½ × ½ × ½, èyí tí í ṣe ⅛, bí ìgbà tí a ju kọ́bọ̀ sókè lẹ́ẹ̀mẹta tí orí sì hàn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́jọ, àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ yóò mú kí a ka ìwọ̀n eléwu sí èyí tí ó dára, a ó sì tún gòkè. Àléébù kejì ni pé ọ̀nà yìí ń gbàgbé: àwọn tí ó wà ní ìwọ̀n tí a dé nìkan ni ó ń wò nígbà tí ó bá fẹ́ pinnu.

4.0 Ìṣirò Tí Kì Í Gbàgbé

Ní ọdún 1990, O'Quigley, Pepe àti Fisher gbé ọ̀nà tuntun jáde. Wọ́n tẹ̀ lé èrò Thomas Bayes, tí iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní ọdún 1763 lẹ́yìn ikú rẹ̀, pé kí a fi ẹ̀rí tuntun ṣàtúnṣe ohun tí a ti gbà gbọ́ tẹ́lẹ̀. Àwọn olùwádìí yóò kọ́kọ́ pinnu ìpalára tí wọ́n lè fara mọ́, bí àpẹẹrẹ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọn yóò fa ìlà tí ó so ìwọ̀n oògùn pọ̀ mọ́ ìpalára, wọn yóò sì tún un fà lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè: ohun tí ó ṣe ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà nínú ìṣirò nígbà tí ó bá kan ẹni ogún.

Ẹ̀rù ba àwọn kan pé ìṣirò yìí lè yára gòkè jù. Ní ọdún 1995, Goodman, Zahurak àti Piantadosi dábàá pé kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìwọ̀n ìsàlẹ̀ pátápátá, kí a má sì fo ìpele kankan. Síbẹ̀, Rogatko àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ rí i ní ọdún 2007 pé nínú ìdánwò oògùn jẹjẹrẹ 1,235 tí ìròyìn wọn jáde láàárín 1991 sí 2006, 20 péré ni ó lo irú ọ̀nà tuntun bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n mẹ́ta-mẹ́ta kò béèrè kọ̀ǹpútà tàbí onímọ̀ sitatísíìsì. Ìyẹn kò ṣàì wà lára ohun tí ó mú kí ó pẹ́ nílẹ̀.

5.0 Ẹ̀kọ́ Lọ́ńdọ̀nù

Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2006, ní ọgbà ilé ìwòsàn Northwick Park ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n dán oògùn TGN1412 wò lára ọkùnrin mẹ́jọ tí ara wọn dá ṣáṣá. Méjì gba èyí tí kò ní oògùn nínú. Mẹ́fà gba ojúlówó. Ìwọ̀n tí wọ́n lò jẹ́ ìdá kan nínú 500 èyí tí kò ṣe ọ̀bọ ní nǹkan kan. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó wà láàárín ẹnì kan sí èkejì. Kí wákàtí méjì tó pé, àìsàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lù wọ́n. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n gbé lọ sí yàrá ìtọ́jú àkànṣe. Kò sí ẹni tí ó kú, ṣùgbọ́n ìyà ńlá jẹ wọ́n.

Ara ènìyàn dáhùn sí oògùn náà lọ́nà tí ara ọ̀bọ kò gbà dáhùn. Ìgbìmọ̀ tí Gordon Duff darí dábàá pé kí a máa fún ẹnì kan ṣoṣo lákọ̀ọ́kọ́, kí a sì dúró wò ó. Wọ́n tún ní kí a ṣírò ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oògùn ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lára ènìyàn, kì í ṣe láti ibi tí kò ti pa ẹranko lára nìkan.

6.0 Ìgúnlẹ̀

Lẹ́yìn náà, wọ́n tún dán oògùn kan náà wò ní Rọ́ṣíà. Ìdá kan nínú 1,000 ìwọ̀n ti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ìjàǹbá ọdún 2006 kò sì tún wáyé. Oògùn kò yí padà. Ibi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ń gòkè ni ó yí padà. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ rántí èyí nígbà tí a bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣeéṣe, kí wọ́n má baà rò pé ìdánwò ìparí ọdún nìkan ni ó wà fún. Lẹ́yìn nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú ìtàn yìí, ènìyàn kan wà tí ó na apá rẹ̀ fún abẹ́rẹ́.