Ìhá, Ògùṣọ̀ àti Epo Tí Kì Í Gbẹ

Kí kẹrosíìnì tó wọ Èkìtì, ẹkù epo ni ìmọ́lẹ̀ alẹ́ ti ń wá. Ní Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́, Ìdó àti àwọn ìletò tó yí wọn ká, àwọn obìnrin a se ẹyìn, wọn a fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ nínú ẹkù, wọn a da omi sí i, wọn a sì ré epo tó léfòó. Ekùrọ́ lọ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣe àdí, tàbí sọ́wọ́ oníṣòwò tó ń kó o ránṣẹ́ sókè òkun. Ìhá, fọ́nrán tó kù lára ẹyìn, kò kúrò nílé ní tirẹ̀. Wọn a fún un, wọn a dì í mọ́ra, wọn a sá a sóòrùn. Epo tó ṣẹ́ kù lára rẹ̀ ń mú un lẹ̀ pọ̀, òun náà ló sì ń gbé iná.

Ògùṣọ̀ nìyẹn: fọ́nrán ọ̀pẹ nínú epo ọ̀pẹ.

Ní 1863, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Walton, gba ìwé àṣẹ lórí ohun tó jọ ọ́. Ó ti ṣàkíyèsí pé epo irúgbìn ọ̀gbọ̀ inú agolo ọ̀dà a máa gbẹ, a sì di awọ tó ń fà bí rọ́bà. Ó po epo náà mọ́ ẹ̀lọ̀ èèpo igi kọ́ọ̀kì, ó tẹ́ ẹ sórí aṣọ àpò, ó sì pè é ní linoleum. Nígbà tó yá, ó di ohun ìtẹ́lẹ̀ ilé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Ewéko méjì ni wọ́n sì ń gbìn fún fọ́nrán aṣọ àpò yẹn. Ọ̀kan nínú wọn ni ewédú tí à ń sè lọ́bẹ̀!

Kí ló dé tí ògùṣọ̀ kò fi di ohun ìtẹ́lẹ̀ líle bíi linoleum? Epo ló fà á. Nǹkan bí ìdajì epo pupa jẹ́ ọ̀rá tí afẹ́fẹ́ kò lè sọ di líle. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ síta títí ọdún yóò fi yí po: yóò kan, kò ní gbẹ. Àbùkù àwọn ìyá wa kọ́ nìyẹn o. Iná ni wọ́n ń wá, wọ́n sì rí i.

Epo lárà yàtọ̀. Òun náà kì í dá gbẹ, ṣùgbọ́n bí a bá pò ó mọ́ kẹ́míkà tó yẹ, yóò di ike líle. Àwọn iléeṣẹ́ ń fi ṣe fóòmù àti ọ̀dà. Ẹ̀yìnkùlé ni lárà ń hù sí ní Èkìtì.

Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀yẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 2011, Ìkọ̀lé sì ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ wà. Síbẹ̀, nínú ẹkù, wọ́n ṣì ń ki ìhá sábẹ́ ìkòkò ẹyìn láti dáná. Ẹ̀yin olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ lọ rà á lọ́wọ́ àwọn ìyá elépo. Ẹ kọ́kọ́ fi omi eérú tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú fọ epo kúrò lára rẹ̀, nítorí gọ́ọ̀mù kì í lẹ̀ mọ́ ohun tó lépo lára, kí ẹ tó fi epo lárà dán an wò, bóyá ìhá náà yóò di pákó.